Irin abẹ́ ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé: ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ ra Morris Minor

Ẹ̀gbọ́n, mo fara balẹ̀ ka ìbéèrè yín. Ẹ ní wọ́n ń ta Morris Minor ọdún 1967 kan ní Kent, pé ọ̀dà ara rẹ̀ ń dán, pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń rú èéfín díẹ̀, àti pé bí ẹ bá rà á, ẹ́ńjìnnì yẹn ni ẹ ó kọ́kọ́ tú palẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Ẹ tún ní irú rẹ̀ ni bàbá yín fi ṣe takisí ní Ìbàdàn, nítorí náà ọkàn yín ti fà sí i kí ẹ tó dé ibẹ̀ rárá. Irú ọkọ̀ náà gan-an ni mo ní. Ẹ̀gbẹ́ ilé mi ní Birmingham ni mo ti ń tún un ṣe láti ọdún mélòó kan wá, nínú òjò àti òtútù, ìmọ̀ràn mi kò sì gùn: ẹ fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ ná, abẹ́ ọkọ̀ ni kí ẹ lọ.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nígbà tí Alec Issigonis, ẹni tó ya àwòrán ọkọ̀ náà, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gbé Morris Minor jáde ní ọdún 1948, wọn kò gbé e ka orí sáàsíì, ìyẹn férémù irin abẹ́ ọkọ̀, tó dá dúró bíi ti Land Rover tó jáde ní ọdún kan náà. Bọ́dì, ilẹ̀ ọkọ̀, irin gígùn abẹ́ ilẹ̀kùn àti irin méjì tó na ọwọ́ síwájú láti gbé ẹ́ńjìnnì, gbogbo wọn ni wọ́n jó pọ̀ di ẹyọ kan. Bí ìpẹtà bá ti jẹ àwọn irin wọ̀nyí, kò sí nǹkan mìíràn lábẹ́ tó máa gbé ọkọ̀ náà ró. Ẹ́ńjìnnì ní tirẹ̀ kò le rárá. Ti ọdún 1967 jẹ́ 1098 cc, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú ìran A-series tí wọ́n ṣe láti ọdún 1951 títí di ọdún 2000, tí wọ́n sì lò nínú Mini, Austin A35 àti MG Midget. Kò sí ẹ̀yà ara rẹ̀ tí ẹ ò ní rí rà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn méjì sì lè fi ẹ̀rọ ìgbẹ́ńjìnnì yọ ọ́ kúrò nínú ọkọ̀ láàárín òwúrọ̀ kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ náwó lé ẹ́ńjìnnì lè wá rí i pé ọkọ̀ tí òun fẹ́ dá a padà sí kò lè gbé e mọ́.

Ọ̀dà tó ń dán yẹn kò sọ nǹkankan fún wa. Nínú gbogbo èyí tí mo ti bá àwọn ọ̀rẹ́ lọ wò, àwọn tí ọ̀dà wọn tuntun jù lọ ló máa ń kó mi lọ́kàn sókè jù, nítorí pé agbádá tuntun ni wọ́n fi ń bo egbò. Nígbà tí ẹ bá ń lọ, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa, síkúrúdíráfà kan tí ẹnu rẹ̀ kò mú jù, òòfà kékeré tí ẹ fi aṣọ wé kó má bàa ha ọ̀dà, àti aṣọ tí ẹ ò ní káàánú láti fi dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù. Bí ẹni tó ń ta á kò bá fẹ́ kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀, ẹ kí i pé ó dàbọ̀, kí ẹ sì máa bọ̀ nílé.

Ibi tí ẹ ó kọ́kọ́ wò ni irin ìdábùú tó gba abẹ́ ìjókòó iwájú kọjá láti apá kan ọkọ̀ dé apá kejì. Òun ló ṣe pàtàkì jù nínú ọkọ̀ yìí. Lára rẹ̀ ni wọ́n de ẹ̀yìn àwọn ọ̀pá irin méjì tí wọ́n ń pè ní torsion bar mọ́, àwọn ọ̀pá wọ̀nyí ló sì ń ṣe iṣẹ́ sípíríńgì fún ẹsẹ̀ iwájú. Orí rẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì náà ni wọ́n ń fi jáàkì gbé, omi sì máa ń wọ ibẹ̀ dúró. Ẹ fi síkúrúdíráfà tì í: irin tó dára yóò dún gbọnmọ, èyí tó ti jẹrà yóò dún pòkù, tàbí kí irinṣẹ́ yín wọlé lọ. Láti ibẹ̀, ẹ tẹ̀lé irin méjì tó gbé ẹ́ńjìnnì lọ síwájú, kí ẹ wá wo ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti so sípíríńgì ẹ̀yìn mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Nínú ọkọ̀, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè níwájú kí ẹ fi ọwọ́ kan ilẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn dé ìdajì, kí ẹ sì rọra gbé e sókè. Bí igun rẹ̀ bá ń fa ara ọkọ̀ nígbà tí ẹ bá ń tì í, tí ìsopọ̀ rẹ̀ kò sì mì, ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ náà ti máa tẹ̀ ní àárín. Èyí tó ní igi lẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní Traveller, ní wàhálà tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí pé igi yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́, ó wà lára ohun tó gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ ró. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ẹ béèrè.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀dà dúdú tó nípọn lábẹ́ tàn yín. Irú rẹ̀ ni wọ́n fi kun abẹ́ ti èmi, ó sì dà bíi pé wọ́n tọ́jú rẹ̀ gidigidi. Nígbà tí mo fi irin pẹlẹbẹ ha á lápá ọ̀dọ̀ awakọ̀, ọ̀dà náà ń ká wá ní odidi, ìpẹtà pupa sì lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti rí irin tí wọ́n jó lé irin tí àwọn mìíràn ti jó lé irin, bọ́dì fílà, ohun lílẹ̀ tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀, tó nípọn tó ìka mi láàárín wọn, àti lábẹ́ gbogbo rẹ̀, abala agolo bísíkíìtì kan tí wọ́n fi ríféètì kàn mọ́ ọn, tí lẹ́tà ara agolo náà ṣì hàn ketekete. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń lẹ ohun tuntun mọ́ ohun tó ti jẹrà ni omi fi ń jókòó sáàárín wọn, tó sì ń jẹ irin gidi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá rà á, tí jíjó irin bá sì di dandan, ẹ má ṣe gé irin abẹ́ ilẹ̀kùn apá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ fi sítáǹdì gbé ọkọ̀ náà síbi tí ilẹ̀kùn ti ń tì geere, kí ẹ wá jó ọ̀pá irin kan dábùú ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ara ọkọ̀ má bàa yí padà nígbà tí irin ìsàlẹ̀ bá kúrò. Ẹ ṣe apá kan tán kí ẹ tó bọ́ sí èkejì, kí ẹ sì máa ti ilẹ̀kùn wò lẹ́yìn gbogbo ìwọ̀n tí ẹ bá jó mọ́ ọn. Gígé irin tó ti jẹrà títí ẹ ó fi kan irin tó mọ́ ni iṣẹ́ náà, owó ajórin yóò sì ju owó irin tuntun lọ dáadáa, nítorí pé wọ́n ṣì ń ṣe gbogbo irin abẹ́ ọkọ̀ yìí ní tuntun. Kí iná tó ṣẹ́ kékeré, ẹ yọ orí bátìrì, ẹ yọ táǹkì epo kúrò lábẹ́ búùtù pátápátá, ẹ kó ìjókòó àti kápẹ́ẹ̀tì jáde, kí ẹ sì gbé ohun èlò ìpaná sí ìtòsí.

Lẹ́yìn irin, bíréèkì ló kàn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ́ìlì bíréèkì ọkọ̀ yìí ní, tó túmọ̀ sí pé bí ó bá ń jò ní ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kò ní dúró. Ọkọ̀ tó ti dúró pẹ́ nínú gáréèjì, rọ́bà inú sílíńdà rẹ̀ á ti gbẹ, nítorí náà ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn àti ọ́ọ̀sì rọ́bà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìjiyàn. Inú irin abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ ni wọ́n fi másítà sílíńdà, èyí tó ń ti ọ́ìlì bíréèkì lọ sí àwọn ẹsẹ̀, pamọ́ sí, ẹni tó bá sì fẹ́ yọ ọ́ yóò bá bóòtù tó gùn pàdé, èyí tí torsion bar dí lọ́nà tí kò fi lè jáde tán. Ẹ óò ní láti sún ọ̀pá yẹn díẹ̀, ẹ má sì gbàgbé pé agbára wà nínú rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì gbé ọkọ̀. Nígbà tí ẹ bá ń dá bóòtù náà padà, ẹ yí i kí orí rẹ̀ wà ní òdìkejì. Ẹni tó bá tún un yọ lọ́la yóò máa ṣàdúrà fún yín. Ẹsẹ̀ iwájú kọ̀ọ̀kan ní ibi méjì tí wọ́n ti ń ṣe bíréèkì sún mọ́ dúrọ́ọ̀mù, ti ẹ̀yìn ní ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì òde òní ń ṣe ẹyọ kan níwájú, wọ́n á wá máa sọ pé bíréèkì Morris kò dára.

Ohun mìíràn tó ń dá ọkọ̀ yìí dùbúlẹ̀ lójú títì ni trunnion iwájú, irin oníṣíkúrù tí ẹsẹ̀ iwájú fi ń yí. Bí gírísì bá tán nínú rẹ̀, ojú síkúrù yóò jẹ tán, ẹsẹ̀ yóò sì wó sábẹ́ ọkọ̀, pàápàá nígbà tí ẹ bá ń rọra yí síbi ìgbọ́kọ̀sí. Èmi máa ń fa gírísì sí tèmi ní gbogbo ẹgbẹ̀rún máìlì kan. Ẹ gbé ẹsẹ̀ náà kúrò nílẹ̀ kí ẹ tó fà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gírísì kò ní dé ibi tó yẹ.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù: sípánà AF, èyí tí wọ́n fi ínǹṣì wọ̀n, ni kí ẹ rà, nítorí pé nọ́ọ̀tì ìdajì ínǹṣì kò bá sípánà mìlímítà 13 mu, yóò kàn máa yí orí rẹ̀ di róbótó ni. Orí pọ́sítíìfù bátìrì ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀ láti ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olówó ọkọ̀ ti yí i padà, nítorí náà ẹ wò ó kí ẹ tó so rédíò tàbí wáyà mọ́ ọn. Epo E10, èyí tí ẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n ń tà káàkiri láti ọdún 2021 máa ń jẹ ọ́ọ̀sì àtijọ́, E5 tí tirẹ̀ kò ju ìdá márùn-ún lọ ni kí ẹ máa rà. Ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún, tí wọ́n sì ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ọkọ̀ àtijọ́, kò san owó ULEZ, ìyẹn owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ pọ̀, ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì pọn dandan kó ṣe MOT, àyẹ̀wò ọdọọdún tí ìjọba ń béèrè, bí wọn kò bá ti yí i padà jìnnà sí bó ṣe wà; síbẹ̀, èmi ṣì ń gbé tèmi lọ fún MOT lọ́dọọdún, nítorí pé owó kékeré ni fún kí ojú ẹlòmíràn wo abẹ́ rẹ̀.

Ní ti èéfín, bí ó bá jẹ́ búlúù, tó sì ń tú jáde nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ìyẹn ohun tí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ẹ sì tún tẹ̀ ẹ́, ibi tí fáàfù ń gbà ló ti jẹ, ẹ sì lè máa wakọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ bí ẹ bá ń bu ọ́ìlì 20W-50 sí i. Bí ó bá ń rú ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ tọ́tù, ríǹgì ni. Ọjọ́ tí ẹ bá wá ṣí tọ́ọ̀pù sílíńdà, ẹ ní kí wọ́n fi ìjókòó fáàfù líle sí i, nítorí epo olóòjé tí wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì náà fún ti kúrò lọ́jà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000. Ẹ má tíì ronú kan ìyẹn báyìí. Ẹ lọ sí Kent, ẹ ya fọ́tò irin ìdábùú náà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí ẹ fi ránṣẹ́ kí ẹ tó sọ iye kankan fún ẹni tó ń ta á.