Ìwé tí ò lọ́rọ̀, báwo la ṣe ń kà á?

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o, Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni mo wà. Wọ́n fún ọmọ mi, ọmọ ọdún 4, ní ìwé àwòrán táwọn ẹranko ọ̀rẹ́ ti ń rìnrìn àjò, àmọ́ kò sọ́rọ̀ kankan nínú ẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ jẹ́ kọ́mọ fúnra ẹ̀ sọ ìtàn náà fún yín. Ẹ kọ́kọ́ jọ wo gbogbo ẹ̀, irú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ojú ewé 32, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ padà síbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa bi í pé kí lehoro ń wá, kí ló dé tójú ìjàpá fi fà ro. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé kò sí Faransé níbẹ̀, Yorùbá ilé yín náà lẹ máa fi sọ ọ́, ìyá àgbà tí ò kàwé gan-an á lè bá a kà á. Bó bá yí ìtàn náà padà lọ́la, ẹ má bá a jiyàn.