Èsì: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru màmá yín àti eczema ọmọ

Ìyá Dàmọ́lá, ẹ kú ìtọ́jú wọn o. Ẹ béèrè bóyá kí màmá ṣíwọ́ amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, torí pé ẹ̀jẹ̀ wọn ti wálẹ̀ sí 128/80, àti bóyá eczema (àìsàn awọ ara tó máa ń gbẹ, tó sì máa ń yún) ọmọ ọdún méjì yín yóò bá a dàgbà.

Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má ṣíwọ́. Oògùn yẹn gan-an ló mú un wálẹ̀. Bí wọ́n bá pa á tì, ó lè tún gòkè láìsí orí fífọ́ kankan, àfi kí rọpárọsẹ̀ ṣàdédé dé. Bí ẹsẹ̀ wọn bá ń wú, amlodipine máa ń fa ìyẹn. Kí dókítà pààrọ̀ rẹ̀. Màgí náà, iyọ̀ ni o! Bàbá mi ò fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ mọ́, àmọ́ màgí mẹ́rin ń wọ ìkòkò.

Ti ọmọ, ẹ fọkàn balẹ̀. Ara ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní eczema máa ń dá kí wọ́n tó bàlágà, bó tilẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀. Àwọn tó le lára wọn gan-an láti kékeré ló sábà máa ń bá dàgbà, ikọ́ fée sì lè tẹ̀ lé e. Lára dúdú bíi tiwa, kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ́n. Ṣe ló máa ń dúdú, tí yóò rí wínníwínní. Ẹ fi Vaseline pa á kí omi ìwẹ̀ tó gbẹ tán lára rẹ̀. Kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi ná. Ìpara kẹ́míìsì tó ní steroid (oògùn tó ń dín ara wíwú àti yíyún kù) nínú, ẹ má lò ó, àyàfi èyí tí dókítà bá kọ.