Ẹ Bi Ẹnjiníà: Wọ́n fẹ́ lọ tú ọkọ̀ wa, ìwé wo ló yẹ kí n bèèrè?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òkun akẹ́rù kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A gbọ́ pé wọ́n ti tà á, pé wọ́n ń gbé e lọ sí etíkun kan ní Éṣíà láti lọ tú u sí wẹ́wẹ́. Ọ̀gá wa kan ní òfin àgbáyé ti wọlé ní 2025, pé kò sẹ́ni tó lè tú ọkọ̀ sórí iyanrìn mọ́. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló sì yẹ kí èmi bèèrè? (Ọmọ Ẹ́ńjìnnì)

Ìdáhùn: Àbúrò, òótọ́ wà níbẹ̀, àbùmọ́ náà wà níbẹ̀. Àdéhùn Hong Kong ni òfin yẹn. Oṣù Karùn-ún 2009 ni àjọ IMO, tó ń mójú tó ọkọ̀ òkun lágbàáyé, ti ṣe é, àmọ́ kò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí iye orílẹ̀-èdè àti iye ọkọ̀ tó ń fẹ́ fi pé. Ìgbà tí Bangladesh àti Liberia fọwọ́ sí i ní 2023 ló tó pé, ó sì wọlé ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà 2025. Ṣùgbọ́n kò ka títú ọkọ̀ sórí iyanrìn léèwọ̀. Ohun tó sọ ni pé kí ìjọba yẹ ọgbà tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ wò, kó fún un ní ìwé àṣẹ tí kò ní kọjá ọdún 5, kí ọgbà sì kọ ètò bó ṣe máa tú ọkọ̀ yín gan-an. Ti EU, àjọ ilẹ̀ Yúróòpù, le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọkọ̀ tó bá ń ta àsíá wọn, ìyẹn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ọgbà tó wà nínú àtòjọ wọn nìkan ló lè lọ.

Ìwé tí mo fẹ́ kí o bèèrè ni àkọsílẹ̀ ohun eléwu, èyí tí gbogbo wa ń pè ní IHM. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn. Ká ní gásíkẹ́ẹ̀tì kan wà láàárín páìpù méjì. Màá kọ́kọ́ fi omi rin ín kí eruku má baà gbéra. Màá gé ìwọ̀n èékánná kan níbẹ̀, màá dì í sínú ọ̀rá méjì, màá lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn, màá dí ojú ibi tí mo gé, lẹ́yìn náà ó di ilé àyẹ̀wò. Bí èsì bá ní asbestos ni, ìyẹn okùn òkúta tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, mi ò ní kọ pé “asbestos wà nínú ọkọ̀,” torí ìyẹn ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Àjà wo ni, páìpù wo ni, ó tó kílò mélòó? Ẹni tó máa fi iná gáàsì gé páìpù yẹn kò mọ̀ mí rí, kò sì ríbi bi mí. Ìwé yẹn nìkan ni mo fi lè bá a sọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ tó ti wà kí òfin tó wọlé ní ọdún 5 láti ṣe IHM tirẹ̀, àmọ́ èyí tó ń lọ síbi tí wọ́n ti ń tú u kò ní àǹfààní yẹn mọ́. Bí ọkọ̀ yín bá tó 500 GT (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ọkọ̀ ṣe tóbi tó), ẹ bèèrè IHM, ẹ sì bèèrè ìwé ẹ̀rí pé ó ti ṣe é tú, tí kì í lò ju oṣù 3 lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi epo sílẹ̀ nínú táǹkì. Ní Gadani ní Pakistan, ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 2016, ọkọ̀ epo kan bú gbàmù níbi tí wọ́n ti ń tú u. Òṣìṣẹ́ tó kú lé ní 20.

Ohun tó ń bí mi nínú ni ọ̀rọ̀ àsíá. Ilé iṣẹ́ á ta ọkọ̀ fún alágbàtà, alágbàtà á fi ọ̀dà pa lára orúkọ rẹ̀ rẹ́, á gba àsíá Comoros tàbí ti Palau fún ìrìn àjò ìkẹyìn. Ẹni tó fi ọkọ̀ náà pawó fún ogún ọdún á ní òun ò mọ nǹkan kan mọ́. Òfin tún gbà kí ìjọba kan dákẹ́ fún ọjọ́ 14 lórí ètò tí ọgbà kọ, kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn sì di àṣẹ. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Nítorí náà, bí o bá rí i tí wọ́n ń kun ẹ̀yìn ọkọ̀ yín, tètè ya fọ́tò orúkọ àtijọ́ àti nọ́ńbà IMO rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn kì í yí padà.

Ìbéèrè: Ọkọ̀ ogun ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Ṣé òfin yìí mú wọn?

Ìdáhùn: Kò mú wọn. Àdéhùn Basel, ti ìdọ̀tí eléwu tó ń kọjá ẹnubodè, ni wọ́n sábà máa ń gbé kò wọ́n lójú. Ní 2022, wọ́n ń fa São Paulo, ọkọ̀ ogun ńlá Brazil tó ń gbé bàálù, lọ sí Tọ́kì kí wọ́n lọ tú u. Àríyànjiyàn bẹ́ lórí iye asbestos tó wà nínú rẹ̀, Tọ́kì gba àṣẹ rẹ̀ padà, wọ́n sì dá ọkọ̀ náà padà lójú òkun. Nígbà tó délé, kò rí èbúté tó gbà á. Ní oṣù Kejì 2023, ọmọ ogun ojú omi Brazil fọwọ́ ara wọn rì í sínú Àtìláńtíìkì, asbestos rẹ̀ nínú rẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ lónìí, Àdéhùn Hong Kong kò ní lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun.