Èsì: Ṣé mímú kí télómíà gùn lè dá ogbó dúró?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní bí oògùn bá lè mú kí télómíà gùn, ṣé ènìyàn ò ní gbó mọ́? Kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Télómíà ni ìparí kírómósóòmù (okùn DNA tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, tí a fi ń jogún àbùdá), níbi tí àwọn lẹ́tà DNA, TTAGGG, ti ń tún ara wọn kọ léraléra. Nígbàkúùgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá pín, nǹkan bí lẹ́tà 50 sí 100 máa ń já kúrò, nítorí ohun tó ń da DNA kọ kì í lè kọ ọ́ dé òpin. Tó bá ti pín ní bí ìgbà 40 sí 60, ó dáwọ́ dúró.

Ẹ́ńsáìmù (èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì) tó ń jẹ́ telomerase lè dá ohun tó já padà. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ ka èyí: nǹkan bí 85 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún jẹjẹrẹ ló ń lo telomerase yìí kan náà láti máa pín láìdúró. Ààbò ni ìdádúró sẹ́ẹ̀lì jẹ́ fún wa. Ẹni tó bá ń ta oògùn télómíà láìsọ èyí, ẹ má dá a lóhùn.

Dípò télómíà, àtúnṣe jíìnì kan tó ń jẹ́ PCSK9, láti dènà àrùn ọkàn, ló wù mí jù. Àwọn tí wọ́n bí pẹ̀lú PCSK9 tí kò ṣiṣẹ́, ọ̀rá LDL (ọ̀rá burúkú tó ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀) inú ẹ̀jẹ̀ wọn kéré, àrùn ọkàn kì í sì í sábà mú wọn. Wọ́n ti ń dán àtúnṣe yìí wò lára ènìyàn báyìí: ìṣù ọ̀rá tíntìntín ló ń gbé irinṣẹ́ tó ń yí DNA padà lọ sínú ẹ̀dọ̀, yóò yí lẹ́tà kan ṣoṣo padà, jíìnì náà yóò sì dákẹ́. Bí irinṣẹ́ náà bá ṣèèṣì yí ibòmíràn padà nínú DNA, àtúnṣe rẹ̀ ṣòro gan-an. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣọ́ àwọn tó gbà á fún ọ̀pọ̀ ọdún.