Ìbéèrè Yín Lórí Ẹ̀rọ: Ṣé kí n ra píríntà olówó pọ́ọ́kú yìí?

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ mi obìnrin wà ní LAUTECH, àbúrò rẹ̀ ń múra ìdánwò WAEC. Owó tí à ń san fún àwọn tó ń bá wa tẹ̀wé ti ń pọ̀ jù. Mo rí píríntà kékeré kan tó ń tẹ̀wé, tó ń ṣe fọ́tókọ́pì, tó tún ń ṣe síkáànù. Owó rẹ̀ kò ga rárá, kátíríìjì méjì, ìyẹn àpótí íǹkì rẹ̀, sì wà nínú páálí rẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní kò sí ohun tí kò lè ṣe. Ṣé kí n rà á? — Ìyá akẹ́kọ̀ọ́, Adénìkẹ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnáwó ọmọ, Mà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé ojú ìwé mélòó ni kátíríìjì yìí máa tẹ̀ kó tó tán, èló sì ni wọ́n ń ta òmíràn. Ibẹ̀ lọ́rọ̀ wà. Íǹkì ni àwọn tó ń ṣe píríntà kékeré ti sábà máa ń jèrè, kì í ṣe píríntà fúnra rẹ̀. Ẹ wo kátíríìjì dúdú HP 123: nǹkan bí 120 ojú ìwé ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é pè é. Bí ọmọ 40 bá wà ní kíláàsì yín, tí ìbéèrè ìdánwò jẹ́ ojú ìwé 3 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, 120 ti pé nìyẹn. Ẹ ò tíì tẹ iṣẹ́ ọmọ LAUTECH kankan. Ojú ìwé tí íǹkì dúdú kò bo púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣírò iye yẹn. Bí ẹ bá fi àwòrán ẹran àti èso sí ìbéèrè àwọn ọmọ, kò ní tó bẹ́ẹ̀. Kátíríìjì inú páálí gan-an lè má kún tó èyí tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀.

Onítánkì ni mo fẹ́ kí ẹ rà: Epson EcoTank, Canon PIXMA G, HP Smart Tank àti irú wọn. Inú ìgò lẹ ó ti máa da íǹkì sí i. Ìgò dúdú Epson 103, 4,500 ojú ìwé ni wọ́n kọ sí i. Àwọn aláwọ̀ mẹ́ta yòókù, 7,500 lápapọ̀. Owó ẹ̀rọ rẹ̀ ga ju ti kékeré yẹn lọ dáadáa, n kò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin mẹ́ta lẹ máa lò ó. Bí agbára ò bá tíì ká a, ẹ máa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé títí owó á fi pé. Mo fara mọ́ ìyẹn ju kí ẹ ra kékeré lọ.

Ohun kan wà tó yẹ kí olùkọ́ mọ̀: íǹkì dúdú Epson 103 máa ń ṣàn bí omi bá kàn án, íǹkì dúdú onítánkì HP tí wọ́n ń pè ní GT53 kì í tètè ṣàn. Ẹ̀yin lẹ mọ bí ìwé ṣe ń rí lọ́wọ́ ọmọdé nígbà òjò.

Ní ti síkáànù, ẹ gbé ìwé ńlá kan dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ ṣí i, ẹ dà á bolẹ̀ lórí gíláàsì, kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn síkáànù yìí kì í ríran jìnnà kúrò lójú gíláàsì, nítorí náà ibi tí ojú ìwé ti tẹ̀ wọnú láàárín á ṣe bàìbàì. Fún sáátífíkéètì tí ọmọ fẹ́ gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, 300 dpi (ìwọ̀n bí àwòrán ṣe mọ́ tó) ti tó. Ẹ má fowó kún owó nítorí 2400 tí wọ́n kọ sára páálí.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ iná, nítorí òun ló ń gbé píríntà wá bá mi jù. Ihò tí íǹkì ń gbà jáde kéré ju fọ́nrán irun lọ. Bí ẹ bá fi bọ́tìnì pa ẹ̀rọ, hẹ́ẹ̀dì, ìyẹn apá tí àwọn ihò náà wà lára rẹ̀, á rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́, rọ́bà kan á gbéra sókè, á bo àwọn ihò náà kí atẹ́gùn má baà kàn wọ́n. Bí wọ́n bá mú iná lọ níbi tó ti ń tẹ̀wé, àárín ọ̀nà ni hẹ́ẹ̀dì máa dúró sí láìbò. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà ọyẹ́, kí ẹ wo bí yóò ṣe gbẹ. Tí iná bá dé, ẹ tan án, ẹ jẹ́ kó padà sáyè rẹ̀, kí ẹ tó fi bọ́tìnì pa á. Ẹ má fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri kó tó kú tán. Ẹ sì máa tẹ ìwé aláwọ̀ kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àní bí iṣẹ́ ò bá sí.

Píríntà lésà kì í gbẹ, nítorí lúbúlúbú ló ń lò, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ń gbóná gan-an láti lẹ lúbúlúbú náà mọ́ ìwé, invẹ́tà kékeré ò lè gbé e. Oníǹkì kékeré ti inú ilé kì í sábà fa iná ju wáàtì 20 lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Oníkátíríìjì ni tèmi. Mo ti ìsinmi dé, ó sì ń fi ìlà funfun sáàárín lẹ́tà. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi abẹ́rẹ́ la ihò rẹ̀. — Akẹ́kọ̀ọ́, Under G.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má fi abẹ́rẹ́ kàn án. Jẹ́ kó fọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì látinú kọ̀ǹpútà, má jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí íǹkì rẹ ló fi ń fọ̀ ọ́. Bí ìlà bá ṣì wà, fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí o tún tẹ ojú ìwé àyẹ̀wò. Bí kò bá yàtọ̀, yọ kátíríìjì aláwọ̀, fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ tíṣù, tẹ́ ẹ sínú àwo, kí o gbé ẹnu kátíríìjì lé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó yẹ kí o rí ìlà mẹ́ta lórí tíṣù náà, àwọ̀ mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tí kò bá jáde ló dí tàbí ló tán. Ṣe ti dúdú náà bẹ́ẹ̀. Fi tíṣù gbígbẹ nù wọ́n, má fọwọ́ kan ibi tó ń dán bíi bàbà lẹ́yìn wọn. Ẹni tó bá ní Epson onítánkì kó má dán èyí wò o: inú ẹ̀rọ ni hẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ wà, ẹni tó mọ̀ ọ́n tú ni kó gbé e fún.