Theme Tí Ó Ní Àléébù: Ṣé Ká Kàn Pa Á Tì Ni?

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Àwọn tó ń bá mi gbé ìkànnì mi sórí íntánẹ́ẹ̀tì kọ̀wé sí mi pé theme (àkójọ fáìlì tó ń pinnu bí ìkànnì ṣe máa rí) tí mò ń lò lórí WordPress, ètò tí mo fi ṣe ìkànnì náà, ní àléébù, pé ẹni tí kò ní àṣẹ lè tipasẹ̀ rẹ̀ pe fáìlì tí kò yẹ kó rí. Mo ti yí sí òmíràn, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Àwòrán àti àpilẹ̀kọ nìkan ló wà lórí ìkànnì mi, kò sí owó ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ṣé ó ti parí nìyẹn?

Ìdáhùn: Kò tíì parí. PHP, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi kọ àwọn theme náà, ní àṣẹ kan tó ń jẹ́ include, tí í máa mú fáìlì kan wọ inú òmíràn. Kò sí ewu níbẹ̀ bí ẹni tó kọ theme bá ti fúnra rẹ̀ dárúkọ fáìlì náà. Ìgbà tó bá jẹ́ inú àdírẹ́sì tí àlejò tẹ̀ ni theme ti ń mú orúkọ fáìlì, láìyẹ̀ ẹ́ wò, ni wàhálà dé. Níbi tó yẹ kí àlejò kọ page=contact.php, oníṣẹ́ibi á kọ page=../../../../etc/passwd (fáìlì tí orúkọ àwọn aṣàmúlò server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì yín dúró, wà), nítorí pé ../ kọ̀ọ̀kan ń gbé e jáde kúrò nínú fódà kan bọ́ sínú èyí tó wà lókè rẹ̀.

Ẹ ní kò sí owó níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwòrán yín ni wọ́n ń wá. Inú fáìlì wp-config.php ni ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé database yín, ibi tí WordPress ń kó àpilẹ̀kọ àti orúkọ àwọn aṣàmúlò sí, wà. Òótọ́ ni pé PHP yóò mú fáìlì yẹn ṣiṣẹ́ dípò kó fi í hàn, àmọ́ bí theme kò bá fi ohunkóhun ṣíwájú orúkọ tí àlejò kọ, php://filter, ọ̀nà tí PHP fi ń yí fáìlì padà bó ṣe ń kà á, lè sọ ọ́ di base64 (àkójọ lẹ́tà àti nọ́ńbà tí ó rọrùn láti tú padà), kí wọ́n sì kà á wẹ́rẹ́. Èyí tó tún burú jù ni pé ẹlòmíràn á kọ kóòdù PHP sínú orúkọ tí browser rẹ̀ fi ń ṣàfihàn ara rẹ̀. Server á kọ ọ́ sínú log (àkọsílẹ̀ àwọn tó wá sórí ìkànnì) bó ṣe máa ń kọ ti gbogbo àlejò, onítọ̀hún á sì ní kí theme ṣe include log náà gan-an. Bí server bá fún PHP láyè láti ka log yẹn, kóòdù rẹ̀ á ṣiṣẹ́. (PHP ti fi òfin de pípe fáìlì láti orí server mìíràn láti ọdún 2006, àfi bí ẹnìkan bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣí i, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dí ọ̀nà ti abẹ́lé yìí rárá.)

Theme tí ẹ pa tì ṣì wà nínú wp-content/themes, bí àléébù náà bá sì wà nínú fáìlì tí a lè fi àdírẹ́sì pè tààrà, yóò ṣì dáhùn. Nítorí náà, ẹ pa á rẹ́ pátápátá. Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé database àti àwọn kọ́kọ́rọ́ àṣírí inú wp-config.php, torí pé pípa theme rẹ́ kò lè gba ohun tí wọ́n ti kà padà lọ́wọ́ wọn. Gbogbo ẹni tó ti wọlé ni yóò tún wọlé lákọ̀tun. Ohun tí a ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Kí ẹ tó fi í sílẹ̀, ẹ wá ../ tàbí %2e%2e%2f (../ kan náà ni, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lọ́nà mìíràn nínú àdírẹ́sì) tàbí php://filter nínú log. Bí ẹ bá rí i, tí 200 (àmì pé server dáhùn ìbéèrè náà) sì tẹ̀ lé e lórí ìlà kan náà, ẹ tún yẹ orúkọ àwọn alábòójútó ìkànnì wò, bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ẹ kò mọ̀ rí.