Ìbéèrè Yín: Ta ló dá King's College Èkó sílẹ̀, báwo sì ni ọmọ ṣe ń wọ ibẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi wà ní praimárì karùn-ún, a sì fẹ́ kó wọ King's College l'Ékòó. Bàbá mi ní ìjọ Áńgílíkà ló dá a sílẹ̀, àti pé wọ́n fi akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ṣe sójà nígbà ogun Hitler. Ṣé òótọ́ ni? Kí sì ni kí n ṣe tí ọmọ fi máa wọlé? (Ìyá kan, Ìkòròdú)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣé, ìyá wa. Ti sójà, òótọ́ ni bàbá sọ. Ti ìjọ ni wọ́n ṣì: CMS Grammar School ọdún 1859 ni ti Áńgílíkà.

Ìjọba ló dá King's College sílẹ̀. Lọ́dún 1908, Henry Carr, ọmọ Èkó tó ń ṣe adelé ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́, gba Gómìnà Walter Egerton nímọ̀ràn lórí rẹ̀. Wọn ò fẹ́ fi bá àwọn míṣọ́nnárì díje. Wọ́n fẹ́ fi kún wọn lọ́wọ́ ni. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án 1909 ni wọ́n ṣí i, akẹ́kọ̀ọ́ 10 péré. King's School ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é, nítorí náà tí ẹ bá rí orúkọ yẹn nínú ìwé àtijọ́, ilé ìwé kan náà ni. £10,001 ni ilé náà ná wọn: gbọ̀ngàn tó gba 300 ènìyàn, yàrá ẹ̀kọ́ 8, ọ́fíìsì kan, àti yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ kẹ́mísírì. Ẹ má fojú kékeré wo yàrá yẹn. Méjì nínú àwọn 10 náà, J. C. Vaughan àti Isaac Ladipo Oluwole, gboyè dókítà ní Yunifásítì Glasgow lọ́dún 1918, Oluwole sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá ìlera ìlú Èkó.

Nígbà ogun, àwọn ológun gba ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́, ni wọ́n bá fọ́n àwọn ọmọ sínú ilé àyágbé láàárín ìgboro. Ara ò rọ̀ wọ́n níbẹ̀. Wọ́n fẹjọ́ sùn títí, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn, ni wọ́n bá daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹta 1944. Ọlọ́pàá kó 75. Wọ́n fipá sọ 8 di sójà, ọ̀kan nínú wọn ò sì padà wálé láàyè. Ọ̀rọ̀ náà dun Èkó dé egungun. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà pèpàdé lé e lórí ní Glover Hall ní oṣù Kẹfà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ké sí gbogbo ẹgbẹ́ pé kí wọ́n fìmọ̀ ṣọ̀kan. Nígbà tó fi di oṣù Kẹjọ, wọ́n ti dá ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC sílẹ̀, Herbert Macaulay ni ààrẹ, Azikiwe ni akọ̀wé.

Ó ku ti ọmọ yín. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ilé ìwé náà, ọkùnrin nìkan ni wọ́n sì ń gbà, nítorí náà ìdánwò ìpínlẹ̀ Èkó kò lè gbé e wọbẹ̀. Ìdánwò National Common Entrance tí NECO, àjọ ìdánwò ti ìjọba àpapọ̀, ń ṣe ni yóò kọ tó bá dé praimárì kẹfà. Tí ẹ bá ń forúkọ sílẹ̀, ẹ fi King's College sí ipò kìíní.

Ibi tí òbí ti máa ń kọsẹ̀ jù ni ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ abínibí ni wọ́n ń bi yín, kì í ṣe ibi tí ẹ ń gbé, máàkì tí wọ́n ń béèrè sì yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀: lọ́dún 2013, 139 ni ti Anambra, 133 ni ti Èkó, 4 péré ni ti ọkùnrin Zamfara. Tó bá jẹ́ Ọ̀yọ́ ni bàbá ọmọ, ẹ má kọ Èkó tìtorí pé Ìkòròdú lẹ wà. Ẹ tètè gba ìwé ẹ̀rí ìlú abínibí ní ìjọba ìbílẹ̀ wọn, kí ẹ sì rí i pé orúkọ inú rẹ̀ bá ti ìwé ìbí mu, lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ yẹ̀.